Iye bẹ́líìtì kọ́ ló ń mú ẹrù dúró nínú bàálù

Bí ẹ bá bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ìdẹrù nínú bàálù akẹ́rù pé ṣé ẹrù yìí dúró dáadáa, iye bẹ́líìtì ni yóò kọ́kọ́ kà fún yín. “Ogún ni mo fi dè é, ọ̀gá.” Kò tíì dáhùn ìbéèrè o. Mélòó nínú ogún náà ni kò ní jẹ́ kí ẹrù sún síwájú? Mélòó ni kò ní jẹ́ kó gbéra nílẹ̀? Kí ni wọ́n so ìdí wọn mọ́? Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù lọ nìyí: ibi tí bẹ́líìtì ń fà sí ló yẹ ká máa kà, kì í ṣe bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà rí ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Bí ẹrù ṣe ń rìn ni màá ṣe tò ó, láti ilé ẹrù títí di ìgbà tí wọ́n bá já a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lẹ́yìn tí bàálù balẹ̀, iwájú ni ẹrù fẹ́ máa lọ. Nígbà tí imú bàálù bá gbéra, ìrù ni ẹrù fẹ́ sá gbà. Bí atẹ́gùn bá sì da bàálù rú lókè, ilẹ̀ á yọ lábẹ́ ẹrù, ẹrù á fẹ́ fò. Òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń ṣe pálẹ́ẹ̀tì (pẹpẹ alumíníọ̀mù tí à ń to ẹrù sí), àwọ̀n tó ń bo ẹrù orí rẹ̀ àti lọ́ọ̀kì ilẹ̀ bàálù tó ń dì í mú ni pé kí wọ́n lè dá ẹrù dúró bó bá ń ti nǹkan ní ìlọ́po 1.5 ìwúwo rẹ̀, ì báà jẹ́ síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ tó wọn 4,000 kg á wá máa tì bí 6,000 kg.

Ìyẹn ò tíì kan ìjàǹbá. Nínú òfin Amẹ́ríkà lórí kíkọ́ bàálù ńlá, abala 25.561, ìlọ́po 9 síwájú ni wọ́n fi ń wọn ìbalẹ̀ pàjáwìrì, 6 sísàlẹ̀, 3 sókè, 3 sí ẹ̀gbẹ́ àti 1.5 sẹ́yìn. Torí èyí ni ọ̀pọ̀ bàálù akẹ́rù fi ní ògiri líle tàbí àwọ̀n ńlá láàárín ẹrù àti yàrá awakọ̀. Ti Boeing 747 yàtọ̀, nítorí òkè ni yàrá awakọ̀ rẹ̀ wà, ẹrù kò kọjú sí i. Bí bàálù yín kò bá ní ògiri yẹn, tí èèyàn sì jókòó níwájú ẹrù, ẹ má fi 1.5 ṣe ìṣirò iwájú. 9 ni.

Ilé ẹrù ni ìdààmú ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nídìí ìwé. Ìwúwo tí oníbàárà kọ, àbá ni lójú tèmi, títí òṣùwọ̀n yóò fi jẹ́rìí sí i. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ẹrù bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí àpapọ̀ kò lè sọ fún yín èwo ló wúwo tó láti já àwọ̀n.

Àpótí onípákó ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ lè de àpótí mọ́lẹ̀ pinpin, kí ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ṣì kàn jókòó sórí pákó ìsàlẹ̀ láìsí bóòtù kan tó dè é. Pákó lẹ dè, ẹ ò tíì de ẹ̀rọ. Ẹ tan iná sí àlàfo pákó, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà: ṣé bóòtù kọjá láti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú igi ìdí àpótí, àbí ìṣó ni wọ́n kàn gbá mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́? Bí ojú ò bá tó o, ẹ ní kí oníbàárà ṣí pákó kan. Á bínú. Kó máa bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pálẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n ń pè ní PMC fẹ̀ ní 244 cm, ó sì gùn ní 318 cm. 6,804 kg ni òpin rẹ̀, ìwúwo pálẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀n sì wà nínú iye yẹn. Àyè tí ẹ máa gbé e sí nínú bàálù lè gbà kéré sí i, iye tó bá kéré jù nínú méjèèjì lẹ sì máa tẹ̀lé. Àárín ìwúwo ẹrù kò gbọ̀dọ̀ jìnnà sí àárín pálẹ́ẹ̀tì ju ìdá mẹ́wàá ìbú tàbí gígùn rẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 24 cm ní ìbú àti 32 cm ní gígùn. Ẹ̀rọ tí mọ́tò rẹ̀ wà lápá kan máa ń ré òfin yìí kọjá nígbà tó jẹ́ pé lójú, àárín gan-an ló jókòó sí.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé pálẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọwọ́ yí etí rẹ̀ ká. Alumíníọ̀mù etí yẹn ni ìkọ́ àwọ̀n àti òrùka tí à ń so bẹ́líìtì mọ́ ń wọ̀, òun náà ni lọ́ọ̀kì bàálù ń dì mú. Bó bá ti sán, bí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó irin tó so ó pọ̀, bá ti yọ ní kọ̀rọ̀, tàbí tí fọ́kílífù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ti tẹ̀ ẹ́ wọnú, ẹ yà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé kékeré tó sọ iye ìbàjẹ́ tí pálẹ́ẹ̀tì tàbí àwọ̀n lè gbà máa ń wà lára wọn tàbí lọ́fíìsì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́, ẹ má fi “mo ti rí èyí tó burú jù báyìí lọ” ṣe é. Gbólóhùn yẹn ti di orin lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Pákó ìtẹ́lẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rí ìṣirò àfojúdá jù. Ká ní ẹ̀rọ wa tó wọn 4,000 kg yẹn dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 15 cm níbùú àti lóròó. 1,000 kg ló wà lórí ojú ibi tí kò ju 0.0225 mítà onígun mẹ́rin lọ, ìyẹn lé ní 44,000 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Kò sí ilẹ̀ bàálù tó fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnì kan á wá fi pákó tó nípọn ní 5 cm sábẹ́ ẹsẹ̀, á ní ó ti parí. Ìlànà tí wọ́n sábà ń lò ni pé ìwúwo ń tàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ìwọ̀n tí pákó fi nípọn. 15 cm á di 25 cm. Ẹ ṣírò rẹ̀: 16,000 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Pákó náà lè gùn ní mítà méjì, ibi tó kù lára rẹ̀ ò ru nǹkan kan, ó kàn ń wòran ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni igi tó nípọn tí kò ní tẹ̀, kí wọ́n tò ó ní ìpele méjì. Ti òkè á so ẹsẹ̀ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra, ti ìsàlẹ̀ á dábùú ti òkè láti pín ìwúwo náà sórí pálẹ́ẹ̀tì. Bí ìwé bàálù bá gba 1,500 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ẹ̀rọ yìí nílò nǹkan bíi mítà 2.7 onígun mẹ́rin tó ń ru ìwúwo ní tòótọ́. Ẹ rántí pé igi náà wúwo, ẹ kà á mọ́ ẹrù. Ẹ rántí pé igi náà lè yọ́ sá lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kàn án pọ̀.

Ó wá kan bẹ́líìtì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ wa ni ti 5,000 pọ́n-ùn, nǹkan bíi 2,270 kg. Iye yẹn jẹ́ ti bẹ́líìtì tó ń fà tààrà ní ojú ìlà ara rẹ̀. Gbàrà tó bá ti dagun, ó ti ń pín agbára rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Bí ó bá ga sókè láti ilẹ̀ ní dígírì 30, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ síwájú-sẹ́yìn, ìdá 50 sì ni kò jẹ́ kí ẹrù gbéra. Ní dígírì 45, ìdá 71 ni fún méjèèjì. Ní dígírì 60, ó yí padà: 50 síwájú-sẹ́yìn, 87 fún ìgbéra. Bí bẹ́líìtì náà bá tún ya sí ẹ̀gbẹ́, ó tún pàdánù lọ́nà kejì, ẹ ó sì fi ìdá méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹ̀rọ wa fẹ́ fi agbára 6,000 kg lọ síwájú. Bẹ́líìtì tó lọ tààrà sẹ́yìn ní dígírì 30 ń mú nǹkan bíi 1,966 kg. Mẹ́ta kò tó, ó ku díẹ̀, nítorí náà mẹ́rin. Bó bá ga ní dígírì 45 tó tún ya sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 45, 1,135 kg péré ló ń mú, ẹ ó nílò mẹ́fà. Mẹ́fà yìí kàn jẹ́ kó má lọ síwájú ni. Ẹ ó tún ṣe ìṣirò kan náà fún ẹ̀yìn, fún apá òsì, fún apá ọ̀tún àti fún òkè. Bẹ́líìtì kan lè wà nínú ìṣirò iwájú kó tún wà nínú ti òkè, nítorí ìfà kọ̀ọ̀kan la ń ṣírò lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fa ẹrù sẹ́yìn kò lè dá a dúró bó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ogún bẹ́líìtì dè é. Bó bá jẹ́ pé orí ẹrù ni gbogbo wọn gùn kọjá, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ lápá ọ̀tún àti òsì, ẹrù náà kò lè fò. Ní ti iwájú àti ẹ̀yìn, òdo ni. Ohun tó kù tó ń mú un ni pé ó wúwo, igi sì ń há a lára díẹ̀. Ẹ má ṣe ka híhá yẹn sí nǹkan kan: bàálù ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ilẹ̀ bá sì ti yọ lábẹ́ ẹrù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, híhá ti tán.

Ìdí bẹ́líìtì ni èèyàn kì í wò. Òrùka tó ń wọ irin oníhò ilẹ̀ bàálù tàbí etí pálẹ́ẹ̀tì ní iye tirẹ̀. Bẹ́líìtì méjì lórí òrùka kan ò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, òrùka kan náà ni. Òrùka tó fi ẹsẹ̀ kan wọ irin kò lágbára tó èyí tó fi méjì wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé bàálù fẹ́ kí òrùka kan jìnnà sí èkejì ní íǹṣì 20, ìyẹn 51 cm, bí wọ́n bá máa ru iye wọn pé, nítorí irin kan náà ni wọ́n jọ ń fà. Irin ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lágbára bákan náà ní gbogbo ọ̀nà. Ibi tí wọ́n bá ti so gbogbo ìdí jọ sójú kan nítorí pé ibẹ̀ rọrùn láti dé, irin lè ṣí kí bẹ́líìtì kankan tó já. Bí ẹ bá ti fi òrùka sínú irin, ẹ yí i, ẹ fà á sókè, ẹ tì í síwájú. Iyanrìn tàbí ìṣó kan tó bọ́ sínú irin lè má jẹ́ kó wọlé tán, ojú á sì rí i bí ẹni pé ó ti wọlé.

Àwọn nǹkan míì tí mo máa ń bá nídìí bẹ́líìtì, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bẹ́líìtì tí wọ́n ta kókó sí, ẹ tú u, kókó ń jẹ agbára rẹ̀. Irin ẹlẹ́nu mímú lábẹ́ bẹ́líìtì, ẹ fi nǹkan rírọ̀ bò ó. Ẹ má fi ṣéènì àti bẹ́líìtì dá ẹrù kan dúró lápá kan náà: bẹ́líìtì ń nà, ṣéènì kì í nà, ṣéènì nìkan á ru gbogbo rẹ̀ títí yóò fi já, lẹ́yìn náà ló wá kan bẹ́líìtì. Ẹ má fi páìpù gùn ọwọ́ ráṣẹ́ẹ̀tì, irin tó ń fún bẹ́líìtì, kí ẹ lè fún un le. Agbára tí ẹ fi fún un wà lára agbára tó yẹ kó fi dá ẹrù dúró, ó sì ń tẹ etí pálẹ́ẹ̀tì sókè.

Páìpù àti ọ̀pá irin nílò ìkìlọ̀ tiwọn. Bẹ́líìtì tó yí ìdì ká ń di ti ìta mú, ṣùgbọ́n ti àárín lè yọ́ jáde bí ọ̀kọ̀ nígbà tí bàálù bá tẹ bíréèkì. Ẹ fi ìdènà líle dí iwájú àti ẹ̀yìn ìdì náà, kí ẹ sì de ìdènà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì tí iye rẹ̀ tó gbogbo ìwúwo ìdì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹrù, tirẹ̀ náà yàtọ̀: irin ìdí ọkọ̀ tàbí ibi tí ẹni tó ṣe é fi sílẹ̀ fún ìdè ni ká dè, kì í ṣe bọ́ńpà. Táyà àti sípíríǹgì ń tẹ̀, bí wọ́n bá sì ti tẹ̀ nínú ìgbọ̀nrìrì, bẹ́líìtì tó le gan-an nílẹ̀ á dẹ̀ lókè. Bí ọkọ̀ ṣe ń jó sókè-sódò báyẹn ló ṣe máa ń fi ìwúwo rẹ̀ já bẹ́líìtì lójijì.

Fún ẹrù kéékèèké, àwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ kó wà láàárín, ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fún un, ẹ fún kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra, ẹ má parí apá kan kí ẹ tó dé èkejì. Ojú àwọ̀n tó ti já kò ṣeé fi okùn so. Nínú kọ̀ńténà, àwọn ará ibi iṣẹ́ sábà máa ń rò pé ògiri rẹ̀ ti tó. Ó tó bí ó bá kún tí ẹrù sì fúyẹ́. Ẹyọ ẹrù tó wúwo, tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé iṣẹ́ fi 150 kg ṣe ààlà rẹ̀, ń fẹ́ ìdè tirẹ̀ nínú kọ̀ńténà tí kò kún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fi ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ọ̀nà.

Láàárín ilé ẹrù àti bàálù, pálẹ́ẹ̀tì á gun ọkọ̀ fífà lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Ẹrù á rọ̀ sílẹ̀, páálí á tẹ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀. Ẹ tún un fún lẹ́sẹ̀ bàálù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbàgbé bí àkókò bá ti ń lọ.

Nínú bàálù, róólà tó ń yí lábẹ́ pálẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí èèyàn méjì lè ti tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Lọ́ọ̀kì nìkan ni kò jẹ́ kó máa yí lọ. Ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́ọ̀kì tó gbéra tán máa ń dún kọ̀, á sì dúró gbọnin. Èyí tó dúró ní ìdajì á tẹ̀ padà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, iye ìwúwo tí àyè yẹn lè gbà ti dínkù, táábù wà fún un nínú ìwé ìwúwo bàálù náà, kò sì sí ẹni tó lè fi orí dá iye rẹ̀ mọ̀. Àyè tó ṣófo pẹ̀lú, ẹ gbé lọ́ọ̀kì rẹ̀ sókè bí ìwé bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ àyè pálẹ́ẹ̀tì méjì nítorí pé èyí kò wọlé, ẹ sọ fún àwọn awakọ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1997, bàálù DC-8 kan ní Miami gbéra pẹ̀lú àárín ìwúwo tó wà lẹ́yìn ju bí àwọn awakọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe yí apá ìrù bàálù sí ṣáájú ìgbéra kò bá ìwúwo yẹn mu, imú rẹ̀ dìde kọjá ààlà, ó sì já lulẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló kú, ọ̀kan nínú wọn wà nílẹ̀.

Ẹrù tó bá wúwo ju ohun tí pálẹ́ẹ̀tì àti lọ́ọ̀kì lè mú lọ ni a ń fi bẹ́líìtì dè tààrà mọ́ ilẹ̀ bàálù, pálẹ́ẹ̀tì á kàn jẹ́ ìtẹ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ni ti Bagram ní Afghanistan, ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2013. Boeing 747 akẹ́rù kan gbé ọkọ̀ ológun márùn-ún, méjì tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 12 àti mẹ́ta tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 18 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe ń gbéra, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn já, ó sì sún lọ sí ìrù. Ó ba ìlà háídírọ́líìkì méjì (epo tó ń ti ẹ̀rọ ìdarí bàálù) jẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń yí apá ìrù bàálù. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Àjọ NTSB ti Amẹ́ríkà, tó ṣe ìwádìí, sọ pé ìlànà ìdẹrù tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà kò tó. Bẹ́líìtì kò wọ́n nínú bàálù náà. Ohun tí ìṣirò wọn fojú fò ni igun tí bẹ́líìtì gbà àti agbára irin tí wọ́n so wọ́n mọ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí mi ò lè yé tẹnu mọ́. Bàálù náà ti gbé ẹrù kan náà fò wá sí Bagram kó tó gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn yàrá awakọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bẹ́líìtì tí wọ́n bá tó ti já. Bẹ́líìtì tó já kì í ṣe ohun tí a kàn ń pààrọ̀. Ẹrù ti sún ni, ìṣirò tí ẹ fi dè é ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dá bàálù dúró, ẹ wọn ibi tí ẹrù wà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àná kọ́ ló yẹ kó ṣe ìṣirò náà.

Torí èyí ni mo ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹrù tó bá wúwo, kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní pápákọ̀ òfuurufú tó kàn, ẹ wo ìlà náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ráṣẹ́ẹ̀tì. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lójú ìlà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ti apá kan bá le tí ti òdì-kejì sì dẹ̀, ẹrù ti fi apá tó lọ hàn yín. Bí àwọn tó wà lápá kan bá ń le ju ara wọn lọ, ẹyọ kan tàbí méjì ló ń dá ru gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bàálù, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó dè é, nítorí òun ni yóò tún de irú rẹ̀ lọ́la. Bẹ́líìtì tó bá ti sá lójú tàbí tí epo kẹ́míkà ti kàn, ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí méjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá jù ú sínú àpótí lódindi, ẹnì kan á mú un jáde lóru ọjọ́ tí bẹ́líìtì bá tán.